Ọdún Tí Ìjọba Sanwó Àgbàdo

Nígbà tí àwọn àlejò tó wá ṣọdún ní Festac ti padà sílé wọn, ìjọba kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwa ọmọ wọn sínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò náà. A kò tíì mọ ojúlé ara wa tán tí ìjọba kan náà tún fi ń pariwo lórí rédíò pé kí tọmọdé tàgbà lọ dáko. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba tí kò fẹ́ kí eruku kan bàtà òun, yín imú, ó sì yí rédíò síbi tí orin wà.

Ìyá mi kò yínmú ní tiẹ̀. Ó ti sú u láti máa na ọwọ́ sí bàbá mi fún owó ọbẹ̀ láràárọ̀, nítorí bàbá mi kì í yọ kọ́bọ̀ láìkọ́kọ́ wàásù. Ó gbé ọkọ́, ó kọrí sí àkúrọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa lọ́nà Amúwo, ó sì dáko bí wọ́n ṣe ń dá a nílùú rẹ̀: àgbàdo lórí ebè, ẹ̀gẹ́ láàárín rẹ̀, ilá létí, ẹ̀gúsí sì ta itakùn bo ilẹ̀ débi pé koríko kò ríbi yọjú. Ó ń tà fún àwọn ìyàwó ilé àdúgbò, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ se ọbẹ̀. Bàbá mi kò rí ẹni wàásù fún mọ́. Inú mi dùn gan-an ni.

Lọ́dún kejì, ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ máa fún olóko lówó ìrànwọ́. Ni bàbá mi bá di àgbẹ̀ lójijì! Ó ra bàtà òjò àti akẹtẹ̀, ó lọ dúró gbọn-in létí oko ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n rán wá, ó wọ ṣòkòtò funfun wá sí àkúrọ̀.

"Mà, oko ọ̀hún dà?"

"Òun lẹ dúró sí yìí, ọ̀gá. Ẹ rọra, ẹ ti ń tẹ ẹ̀gúsí mọ́lẹ̀."

"Háà, èyí ti rúdurùdu jù, Mà. Àgbàdo nìkan la máa ń sanwó ẹ̀. Ẹ gbìn ín ní láìnì-láìnì, ẹ máa gbowó."

Ìyá mi wo oko rẹ̀. Bàbá mi ti bá a dáhùn: "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìyá wọn, hú u!"

Ilẹ̀ tó máa fi owó náà gbà kún tiẹ̀ ni ìyá mi ń rò, ló bá gbà. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, a ta okùn, a sì gbin àgbàdo nìkan, ó tò bí ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá oníṣòkòtò funfun padà wá nígbà tó ga dé orúnkún, ó yìn wá, ó sì ní owó náà ti jáde. Àṣé olórí ilé ni wọ́n ń sanwó fún. Bàbá mi gbà á, ó fi ra ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ńlá.

Kò sí ẹ̀gúsí mọ́ tí yóò bo ilẹ̀, ni koríko bá gba gbogbo oko. A ro ó títí, ọwọ́ wa bó. Àgbàdo tó gbó kò ju àtàǹpàkò lọ, ọjà Mazamaza la ti lọ ra èyí tí a sè jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi dúró níwájú àga bàbá mi. Ó tún na ọwọ́ sí i.

"Dádì, kò sówó ọbẹ̀ nílé."

Bàbá mi yí orin rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ṣé owó oko mi lo fẹ́ kí n máa fi ra ẹ̀fọ́ ni?"