Màmá Àgbà Yá Ṣòkòtò Bísọ́lá Wọ̀

Ohun tí ojú mi rí lónìí kọjá àfẹnusọ.

Àbúrò mi Bísọ́lá a máa fi aṣọ àlòkù rán ṣòkòtò tó fẹ̀ bí kẹ̀ǹbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní Pólì ni mo ti ń pè é ní hípísítà, aláfarawé òyìnbó, lójú àwọn aládùúgbò. Ẹ̀gàn mi yìí ni kò jẹ́ kó wá sílé wa ní Kétu mọ́.

Lónìí, ó wá kí ìyá ìyá wa. Màmá Àgbà di ṣòkòtò náà mú.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Láàárín àwọn ọdún 1950, àpò ìyẹ̀fun ni mo fi rán tèmi. Mo rẹ ẹ́ láró, mo fi gun kẹ̀kẹ́ yí Kétu ká. Wọ́n ní orí mi dàrú!"

Mo ní, "Mà, ṣé hípísítà lẹ̀yin náà ni?"

"N kò mọ ìyẹn. Ẹni tó bá dá àrà tirẹ̀, tí wọ́n bú u tí kò jáwọ́, òun ni ológe. Bísọ́lá, gba ìró mi, yá mi ní ṣòkòtò yẹn."

Màmá Àgbà wọ̀ ọ́ jáde sí ojúde! Àwọn aládùúgbò hó yèè.

Ibẹ̀ ni mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bísọ́lá, lójú àwọn tí mo ti bú u níwájú wọn.

Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró dáadáa kí n wọn ìbàdí yín."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọ̀ wo ni kí n ní kó fi rán tèmi?