Fóònù Mi Nínú Àpótí Bàbá Géètì

Ohùn ìpè ìrun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ti ronú kan ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Sango-Ọ̀tà. Kì í ṣe ti mọ́sálásí o. Inú àpótí onígi kan ni ó ti ń wá, lẹ́nu géètì, níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ń kó fóònù wa sí kí a tó wọlé. Bisikíìtì ni a ń ṣe níbẹ̀, àwọn ọ̀gá kò sì fẹ́ rí fóònù lẹ́bàá ẹ̀rọ. Bí àkókò ìrun bá tó, fóònù kan á kọ́kọ́ ké nínú àpótí, òmíràn á tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta á tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èkínní ń parí lọ, nítorí pé aago wọn kò bára mu. Bàbá géètì tó ń ṣọ́ wọn, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni. Á gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, á ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ti sọ ẹnu géètì mi di mọ́sálásí, ẹ ò sì fún mi ní sàárà!"

Nítorí ariwo yìí ni àṣà kan fi bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. A máa ń kọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí fóònù wa sórí ègé bébà, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, kí Bàbá lè ṣí i kí ó sì pa á lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀ fún wa, kò sì sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tilẹ̀ kọ tèmi gàdàgbà pẹ̀lú bírò pupa, kí ojú Bàbá má baà ni ín lára. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe.

Ilé kéú ni mo ti mọ ìwé kà, ní Ìwó, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ẹgba rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilé kéú náà títí di òní, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ ìrun, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìtẹríba. Bí Álífáà bá ti ní "Kà á," kíkà ló kàn. A kì í béèrè pé kí ló dé. Nígbà tí mo wá ń gbé ní Ọ̀tà, tí mo sì wọ ẹgbẹ́ àlásàlátù, ọkàn yẹn náà ni mo gbé wá síwájú Álífáà tó ń kọ́ wa lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í na ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún méje tún ni mí.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, a jáde fún ìsinmi ọ̀sán, mo gba fóònù mi lọ́wọ́ Bàbá kí n tó lọ kírun Àílà. Mo rí iṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ Álífáà lórí wasáàpù, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ tó ti wé láwàní funfun. Ó kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi, a fẹ́ kó ẹ̀yin ará jọ sí ojú òpó kan fún wàásù ààwẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù rẹ nísinsìnyí. Kà á sí mi." Kò pẹ́ sígbà náà tí nọ́ńbà ọ̀hún dé. Ìkìlọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí n má fi han ẹnikẹ́ni. Mo rí i dáadáa. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Álífáà kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ṣe Bísímílà, mo tẹ ibi tí a ti ń fi ohùn ránṣẹ́, mo ka nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gbangba, bí ìgbà tí mo ń ka wàláà. Lẹ́yìn náà ni mo kírun. Mo dá fóònù padà fún Bàbá, ayọ̀ sì kún inú mi pé Álífáà rántí mi.

Nígbà tí a ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, wasáàpù mi ti kú. Ó ní kí n forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò lò ó rí. Mo gbìyànjú, ó tún ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mìíràn tí mi ò fi síbẹ̀, ó ní bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí n dúró fún ọjọ́ méje. Kí n tó dé ilé ni Amírà ẹgbẹ́ wa, obìnrin tó ń darí wa, ti pè mí. "Àṣé ara rẹ kò yá? O ní wọ́n dá ọ dúró sílé ìwòsàn. Ìyá àgbà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti fi owó ránṣẹ́ sí ọ o, ó ní àwọn tó kù kò ṣe tètè." Ẹnì kan ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ ìyá arúgbó.

Láti Sango títí dé ilé mi, mo ń wo gbogbo ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ bí ẹni pé wọ́n mọ nǹkan. Mo fi àpò mi há abíyá. Nígbà tí mo délé, mo tilẹ̀ wo ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rò ó lọ, tí mo rò ó bọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ọwọ́ ta ni fóònù mi wà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́? Ta ló ní nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí i? Mo wá rántí pé mo ti rí Bàbá lọ́jọ́ kan tó gbé fóònù mi súnmọ́ ojú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mo rántí pé ó bi mí rí pé kí ni nǹkan aláwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀ yẹn. Mo rántí pé òun àti àwọn ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì títì jọ ń jẹ àgbàdo. Àní ẹ̀rín tó máa ń rín sí mi láràárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà tí mo kà, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọkàn mi. Lójú tèmi, iṣẹ́ ìjọsìn ni ìyẹn, mo sì ti fi sínú àwọn tí mo ń retí láádá lé lórí.

Lọ́jọ́rú, àwa bí ogún ni a tò sẹ́nu géètì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ta lẹ fún ní fóònù mi lánàá?"

"Ta ni mo máa fún? Inú àpótí ló wà, èmi ni mo sì jókòó tì í."

"A jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an nìyẹn."

"Èmi kẹ̀? Ìyàwó, èmi tí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ìpè ìrun yín lẹ́nu mọ́ bọ̀rọ̀?"

Awakọ̀ kan tó ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Há! Bàbá ti di oní-gbájú-ẹ̀! Bàbá, ẹ ra ọkọ̀ fún wa o!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, títí ó fi rí ojú mi pé mi ò ṣeré. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Máníjà pe àwa méjèèjì. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó wo bébà tó wà lẹ́yìn fóònù mi, ó sì bi Bàbá bóyá òótọ́ ni pé ó máa ń ṣí fóònù wa. Bàbá ní òótọ́ ni. Máníjà ní kí ó máa lọ sílé, òun yóò pinnu lọ́jọ́ Ajé bóyá òun yóò lé e tàbí òun yóò fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bàbá bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí wọ́n bá lé ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò ní géètì kan nítorí olè, kò sí géètì mìíràn ní agbègbè yẹn tí yóò gbà á. Èmi náà mọ̀. Mo sì jáde pẹ̀lú ọkàn ẹni tó ti jà fún òtítọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú ni Álífáà dìde láàárín àlásàlátù. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni ẹnì kan ti gba wasáàpù òun, tó sì ń fi àwòrán òun béèrè nọ́ńbà mẹ́fà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. "Ta ló ti kà á fún un nínú yín?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa láti abẹ́ ìbòrí. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ara mi tó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Amírà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Álífáà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká kà á."

"Èmi? Ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi ni?"

"Àwòrán yín la rí."

Álífáà mí kanlẹ̀. "Kò burú. Èmi náà, àwòrán olùkọ́ mi ni mo rí. Òun ló ní kí n kà á fún òun." Àwọn obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwa tó ṣẹlẹ̀ sí gbé ọwọ́ sókè. Àwa mẹ́rin ni. Ọwọ́ tèmi ló kẹ́yìn.

Mo lè dákẹ́ nípa Bàbá. Kò sí ẹnikẹ́ni láti ilé-iṣẹ́ wa nínú àlásàlátù yẹn. Mo rò ó, mi ò ní purọ́. Mo rò ó láti mọ́sálásí títí dé ilé, ó sì yà mí lẹ́nu bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ tó lórí mi nígbà tí mo fẹ́ sá fún ẹ̀tẹ́: bóyá Bàbá náà wà nínú rẹ̀, bóyá òun ló fún wọn ní nọ́ńbà fóònù mi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ajé, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ Máníjà kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Àṣé ìwọ fúnra rẹ lo ṣílẹ̀kùn fún wọn. O sì jẹ́ kí n lé àgbàlagbà lọ sílé." Ó ní èmi ni n óò lọ pè é, kì í ṣe òun.

Ìlú Ìtẹlẹ̀, lẹ́bàá Ọ̀tà, ni Bàbá ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, tó ń kọ ebè. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ náà.

"Ṣé wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é?" ó bi mí.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo fún wọn."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Dìde, ìyàwó, aṣọ rẹ ti dọ̀tí." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò láti Ọjọ́rú. Kí ló dé tí o ò fi bi mí ní ìkọ̀kọ̀?"

Mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé mo bi í, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè ni mo ṣe lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí gbogbo wa ya bébà kúrò lẹ́yìn fóònù, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé pa fóònù rẹ̀ pátápátá. Bí ó ti kàn mí, mo na fóònù sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó mi orí. "Tìrẹ, máa fi í sílé." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó gba ti ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó sì kí i káàárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi fóònù sílé fún ọdún méjì. Bàbá ń kí mi, ó ń bi mí léèrè ọkọ mi, a jọ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ tèmi mọ́. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, a dáwó ra aṣọ fún un. Bí mo ti fẹ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó na ọwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn àpótí rẹ̀, ó ní, "Mú un wá, ìyàwó." Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Nígbà tí ó yé mi, ọwọ́ mi ṣófo. Mo ní, "Bàbá, ó wà nílé." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ìyá arúgbó yẹn ti gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, al-hamdulillah, mo sì ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì sórí wasáàpù mi, èyí tí ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Bí Álífáà bá kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ nǹkan, mo máa ń pè é kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í sì í bínú. Lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń wò ó nínú wasáàpù mi bóyá wọ́n ti so ó mọ́ fóònù mìíràn tó ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí mi. Àwọn ọmọ mi ní mo ti fura jù. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé ìfura kò ṣàì pọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó lé ẹni tí mo ń rí lójoojúmọ́ lórí, tí mi ò sì ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ẹni tí mi ò rí. Mo ń tọrọ àforíjì Ọlọ́run lórí rẹ̀. Ti Bàbá, mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí. Ọwọ́ tó nà sí mi yẹn ni mo fi mọ̀, ó kàn jẹ́ pé mi ò rí nǹkan kan fi lé e ni.