Ẹ̀kán Mẹ́wàá

Ojú ara mi ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí, ara mi ló sì ṣẹlẹ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àgbẹ̀ abà ẹ̀yìn Ìjàyè kò mọ ohun tó ń sọ. Ìwé kékeré tí mo kà tó fún èyí.

Èmi Àkànní, igba ebè ni mò ń kọ lóòjọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá mi dọ́gba nínú àáró wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò tíì kọ ogún tí ọkàn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta láyà mi bí ẹja inú agbọ̀n. Á sáré, á dúró, á tún ta. Ojú mi ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ọkọ́.

"Àkànní, ṣé ilẹ̀ lò ń kí ni?" Làmídì, tí a jọ ń ṣe àáró, ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ́ mi ló fẹ́ yọ." Irọ́ ni mo pa.

Oṣù méjì ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú. Tí o bá fìka tẹ̀ ẹ́, ihò á dúró bíi ti ẹ̀kọ tútù. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ń hó bí ọṣẹ. N kò lè sùn láìfara ti ògiri. Ara mi kó mi nírìíra.

Ìyàwó mi, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ló fi dandan mú mi lọ sílé ìwòsàn òyìnbó n'Íbàdàn. A jókòó lórí pákó láti òwúrọ̀ dọ̀sán, láàárín egbò tó ń rùn àti eṣinṣin. Dókítà ti okùn rọ́bà bọ etí, ó gbé ìdí rẹ̀ lé mi láyà. Olùtọ́jú di ọrùn ọwọ́ mi mú. Àwọn méjèèjì jọ ń kà á. Iye tí àyà lù ju iye tó dé ọwọ́ lọ. Ògbufọ̀ ní ọkàn mi ń gbọ̀n dípò kó máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ìlù rẹ̀ mìíràn kò lágbára tó máa fi dé ọwọ́, òun ló fà á tí omi fi ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n fún mi ní ìgò oògùn tí wọ́n fi ewé ilẹ̀ òkèèrè ṣe: ẹ̀kán mẹ́wàá nínú omi, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

Ewé! Èmi tí mo mọ àgbo! Ta ní í ka ẹ̀kán àgbo? Ife la fi ń mu ún, a ó sì máa bu omi lé e títí kíkorò rẹ̀ á fi tán.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀kán ni wọ́n ní o."

"Ṣé ẹyẹ ni mí?"

"Ẹyẹ gan-an kì í da ìgò sọ́fun."

Mo da ìdajì mu, mo bu omi kún un, mo tún mu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mò ń bì, omi kíkorò bí òróòro. Òórùn iyán, òórùn ẹní, òórùn awọ ara mi, gbogbo rẹ̀ ń rìn mí nínú. Ojú ìyàwó mi pupa rúsúrúsú, ògiri náà pupa rúsúrúsú lójú mi. Ọkàn tó ń sáré wá ń wọ́: á lù, á dúró, èmi á máa retí rẹ̀.

Àwọn aláàáró ti lọ sóko ọ̀nà jíjìn. Ọkùnrin mẹ́ta péré la rí, tí wọ́n so ẹní mọ́ igi láti fi gbé mi padà sílé ìwòsàn. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ló ṣe ìkẹrin, tòun ti oyún oṣù mẹ́rin. Mo bì sí i lẹ́yìn lójú ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ mu tó báyìí?" Olùtọ́jú ló bi mí.

Wọ́n gba ìgò náà. Ìdùbúlẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn kan náà, olùtọ́jú ló ń ka ẹ̀kán rẹ̀. Wíwú ẹsẹ̀ mi rọlẹ̀, mo sùn gbalaja.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín ń ta, ẹ má fi pamọ́ bíi tèmi, ẹ má sì fi ọgbọ́n àgbo lo oògùn ìgò. Ara tí mo fi ń yangàn, ẹran tí kò ju ìkúùkù lọ ló gbé e ró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ka ẹ̀kán. Mo ti padà sóko; ẹ wá ẹlòmíràn tó ṣe irú àìsàn yìí tó tún gbé ọkọ́.

Ohun tó bá àìsàn náà lọ: iṣu ọdún kan tí kò rí ilẹ̀ wọ̀, àti oyún náà, tó wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ọkùnrin ni.