Aṣọ Tí Mo Rán fún Agbódòmì

Ojo ni mí láti kékeré. Mo tètè sọ ọ́ kí àwọn tó mọ̀ mí n'Ìkẹ́nnẹ́ má baà ní mo ń ṣe akin lórí ìwé. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ṣe jẹun, aṣọ àwọn òṣèré fíìmù ni mo sì rán jù. Nínú gbogbo wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì máa ń bà mí lẹ́rù bí mo bá rántí rẹ̀.

Nígbà tí fíìmù fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde ni. Bàbá Olùkọ́, tó kọ́ mi ní ìwé kẹrin kí ó tó fẹ̀yìn tì sí Òde Rẹ́mọ, ló kọ ìwé kan nípa Àyìnkẹ́ Oníyọ̀. Obìnrin tó ń ta iyọ̀ ni Àyìnkẹ́ yìí. Iwin kan tó ń jẹ́ Agbódòmì gbé odò ìlú rẹ̀ mì, ni Àyìnkẹ́ bá gba ilẹ̀kùn méje kọjá lábẹ́ ilẹ̀ láti lọ gbà á padà. Mo ka ìwé náà títí èèpo rẹ̀ fi já. Ohun tó ń dẹ́rù bani jù níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò rí Agbódòmì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èémí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí Ọ̀gá Láńre, dáyírẹ́kítọ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ṣàgámù, fẹ́ sọ ìwé náà di fíìmù, èmi ni mo mú un lọ bẹ Bàbá. Ojú Bàbá ti fọ́ nígbà náà. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa tán, ó ní, "Ẹ ṣe ìyókù bó ṣe wù yín. Ẹ má ṣáà fi Agbódòmì han ẹnikẹ́ni." Ó wá kọ ojú síbi tí ohùn mi ti ń wá. "Fọlákẹ́, ìwọ lo mọ ìwé mi. Ìwọ ni mo fi ṣọ́ wọn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ni mo wí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ọ̀gá Láńre já fóòmù ńláńlá mẹ́rin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìyá Túndé, ẹ bá mi rán Agbódòmì."

"Ọ̀gá, a ti ṣèlérí fún Bàbá."

"Bàbá ò ríran mọ́. Àwọn tó máa yá fíìmù ń ríran. Ta ló máa yá fíìmù iwin tí kò níwin nínú?"

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo bẹ̀rù pé yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó tì mí lójú jù ni pé mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi lè rán ohun tí ojú kan ò rí rí. Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé fóòmù.

Aṣọ iwin ní òfin tirẹ̀: ẹ̀yìn là ń dè é, kí kámẹ́rà má baà rí ojú rírán. Mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ dè é láti ọrùn dé ìdí, kókó lórí kókó, mo wá fi ìko bo gbogbo rẹ̀ bí irun. Mo rán èékánná mọ́ apá aṣọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní ìka tó lè lò mọ́. Ó dára lójú mi, ó sì bà mí lẹ́rù. Nígbà tó wà lórí ìkọ́, mi ò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i.

Múfú ló máa wọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì ni ní Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í tán. Lọ́jọ́ tí a wọ̀ ọ́ wò, ó pariwo láti inú fóòmù, "Ìyá Túndé, bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí ńkọ́?"

"Kí o tọ̀ ọ́ kó o tó wọ̀ ọ́!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bóyá Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu Múfú pé kò lè dá aṣọ náà bọ́, mi ò gbọ́.

Etí odò kan lẹ́yìn Òde Rẹ́mọ la ti ya fíìmù náà. Omi náà kò kọjá ìbàdí, ọkàn wa sì balẹ̀. Múfú yóò mòòkùn sísàlẹ̀, yóò sì dìde láti inú omi. Gbogbo ìyá ilé ló mọ bí fóòmù ṣe ń mu omi tí yóò sì wúwo bí òjò bá bá a níta. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi gé e, mi ò rò ó rárá.

Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó bú ramúramù, a pàtẹ́wọ́. Ó tún wọlẹ̀. Nígbà tó tún jáde, ìdajì orí ló yọ, apá méjèèjì wà lókè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Má dúró, Múfú!" ni Ọ̀gá Láńre ń pariwo.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń fà á bí ẹni tí ń fa okùn gígùn láti inú kànga. Mo mọ èémí yẹn, mo ti ń kà á láti ọdún pípẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré mọ́. Síbẹ̀ mo dúró sí bèbè. Mi ò mọ omi wẹ̀, ikú sì ń bà mí lẹ́rù.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé inú omi. Mo gbá a mú lẹ́yìn, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì tó ti tutù. Mo wá okùn, mi ò rí okùn. Mo ti fi ìko bò ó dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo rí i, omi ti mú kókó náà le. Mo fi àlùmọ́gàjí tí mo máa ń so kọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́ ya á, aṣọ àti ara, mi ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Gèlè mi tó ń léfòó ni Ọ̀gá Láńre rí tó fi mọ̀ pé kì í ṣe eré, ló bá bẹ́ sódò pẹ̀lú àwọn yòókù.

Múfú bi omi títí ní bèbè. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ìyá Túndé, ìtọ̀ yẹn ti jáde o." Mo bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Láńre ò ní kí n rán òmíràn. Ó parí fíìmù náà láìsí iwin kankan. Èémí Múfú tí kámẹ́rà gbà lódò ló fi sẹ́yìn ògiri.

Àwọn tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìwé náà máa ń bi mí bóyá fíìmù náà dára tó ìwé. Èrò mi rèé: ilẹ̀kùn méje di mẹ́ta, wọ́n sì fi ẹni tó kun èékánná ṣe oníyọ̀. Ṣùgbọ́n níbi èémí yẹn, fíìmù ju ìwé lọ. Mi ò sì lè jókòó gbọ́ ọ.

A gbé e lọ fún Bàbá. Nígbà tó débi èémí, ó di apá àga rẹ̀ mú.

"Fọlákẹ́, ta ló ń mí yẹn?"

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí èpè.

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè, Bàbá."

Bàbá ní, "Nítorí kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ kọ́ ni mo ṣe fi Agbódòmì pamọ́. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ìwé náà kí ènìyàn kankan lè mí báyẹn." Ó ní ká pa tẹlifíṣọ̀n.

Múfú ṣì ń tún mọ́tò ṣe. Ó máa ń fi àpá ẹ̀yìn rẹ̀ han àwọn kọ́sítọ́mà pé Agbódòmì ló gé òun jẹ. Èmi ò de aṣọ kankan lẹ́yìn mọ́, iwájú ni, bí àwọn dáyírẹ́kítọ̀ bá tilẹ̀ ń kùn. Títí mo fi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ tí mo rán, èmi ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo máa ń da omi lé e lórí nígbà tó bá wà lára mi, mo máa ń ní kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́ títí màá fi dá a bọ́ sílẹ̀.