Ìkòkò Tí Màmá Mi Fọ̀

Bí mo bá rí bọ́ọ̀lù aláwẹ́ dúdú àti funfun, tíṣà kẹ́mísìrì wa ní Kàbà ni mo máa ń rántí. Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ tuntun nígbà náà. Bọ́ọ̀lù tó ti bẹ́ ló máa ń há sí abíyá wọ kíláàsì. Á ní: "Èédú, dáyámọ́ǹdì, ọ̀pá dúdú inú pẹ́ńsùlù, nǹkan kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe so mọ́ra ló yàtọ̀."

Ó ní àwọn òyìnbó ti rí òmíràn nínú dúdú tí iná ń fà: ọgọ́ta hóró èédú tíntìntín tó di ara wọn mú ní igun-igun bíi bọ́ọ̀lù yẹn, inú rẹ̀ ṣófo, ojú lásán ò sì lè rí i.

Ó ní kí n gbé ìkòkò wá láti ilé, ká ha dúdú ìdí rẹ̀ wò. Màmá mi gbọ́ pé tíṣà fẹ́ wo ìkòkò òun, ló bá fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Bí mo ṣe gbé e dé, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo sunkún. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín rárá.

Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò náà wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀.

"Okun o, tíṣà," màmá mi kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà. "Ṣé ó mọ́ tó?"

"Ó mọ́ jù, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kaná."

Ó fi àpótí jókòó ti iná, èéfín ń ta á lójú, títí iṣu fi jinná. Ó wá fi ìka ha ìdí ìkòkò, ó na ìka tó ti dúdú náà sí màmá mi: "Iṣẹ́ ọwọ́ yín rè é."

Láti ọjọ́ náà, màmá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ ìdí ìkòkò yẹn mọ́.