Kámẹ́rà Tí Ọkọ Mi Gbé Wọ Omi

Iṣẹ́ abẹ́ omi ni ọkọ mi ń ṣe nígbà tí à ń gbé ní Ajángbádì. Dáífà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tún ìdí ọkọ̀ ojú omi ṣe ló gbà á síṣẹ́. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, irun orí rẹ̀ á ti gan bí ìgbálẹ̀ nítorí iyọ̀ òkun. Èmi ní tèmi, fọ́tò ni mò ń yà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkókómáikò, etí títì gan-an.

Bí ọkọ mi bá ti jẹun tán, ọ̀dọ̀ bàbá onílé wa ló ń lọ jókòó sí. Bàbá yìí ti ṣe sójà rí, bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn náà ò sì kẹ̀rẹ̀ nínú ìtàn. Bí ọkọ mi bá ní òun rí ìdákọ̀ró tó tóbi ju mọ́tò lọ, bàbá á ní àwọn ti fi ọwọ́ kan gbé irú ẹ̀ rí lójú ogun. Lọ́jọ́ kan ni ọkọ mi wá sọ ti ẹja kan tó máa ń pàdé òun nídìí òpó ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ó ní ẹja náà tó ìlẹ̀kùn. Ó ní bí òun bá ti dé, á dúró, á máa wo òun lójú, ẹnu ẹ̀ á máa ṣí, á máa pa dé, bí ẹni tó ń kí èèyàn.

Bàbá onílé rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. "Ẹja tó ń kíni! Kí ló wí? Ṣé ó ní o kú iṣẹ́ ni?"

"Bàbá, ẹ ò gbà mí gbọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ṣebí fọ́tò nìyàwó ẹ ń yà. Ya ẹja náà wá ká rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi bá mi nídìí sítóòfù. "Ìyàwó mi, yá mi ní kámẹ́rà ẹ."

"Èwo, Dádì? Èyí tí mo fi ń jẹun? Ẹ fẹ́ kí ẹja máa bá mi fọ̀ ọ́ ni?"

Ó ń wò mí bí ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní ká lọ wá kékeré kan tówó wa ká ní Alábà.

Ọmọ Íbò ni ọ̀gá tó ń ta kámẹ́rà náà, Yorùbá sì dùn lẹ́nu ẹ̀. Ojúlówó kámẹ́rà àwọn dáífà ló kọ́kọ́ gbé jáde, ó wúwo bí áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó dárúkọ iye ẹ̀, ọkọ mi rọra gbé e sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀gá tún mú òmíràn wá, kékeré, aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n ya òjò sára páálí ẹ̀.

"Mádàámú, omi ò lè wọ èyí láéláé."

"Òjò ni wọ́n yà síbẹ̀, ọ̀gá, wọn ò ya òkun. Ẹ jẹ́ ká rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì wò."

Kíá ló gbá kámẹ́rà náà mọ́ àyà. "Àbẹ́ẹ̀gì! Òjò yàtọ̀, òkun yàtọ̀!"

Èyí tó gbé kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn: kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan tó ṣeé dì mọ́ ọwọ́, pẹ̀lú àpótí ike líle kan tí kámẹ́rà ń wọ inú ẹ̀, tí èèyàn sì ń rí inú ẹ̀ kedere. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yí etí àpótí náà ká, òun ni kì í jẹ́ kómi wọlé. Mo fi ìka tọ rọ́bà náà yíká, bóyá ó ti sán. Mo fi tíṣù sínú àpótí lásán, mo pa á dé, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi títí. Nígbà tí a ṣí i, tíṣù gbẹ táútáú.

Mo wá ní kí ọkọ mi wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ àti gíláàsì ojú ẹ̀ tó mú dání, kó máa tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà náà wò. Ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ nípọn, bí bọ́tìnnì bá kéré jù, asán la rà. Nínú oòrùn ọ̀sán, lójú gbogbo ọjà, ó wọ gbogbo ẹ̀. Èrò pé lé wa lórí. Obìnrin kan bi mí pé ṣé oyin ló fẹ́ lọ kó.

A rà á. Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo fọ̀, gbogbo ẹ̀ dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Fíláàṣì ti mú ẹrẹ̀ inú omi, ó sọ ọ́ di funfun wínníwínní. Mo ní, "Dádì, ẹ pa fíláàṣì. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ sókè."

Nínú fíìmù kejì, ẹja náà jáde lóòótọ́. Ẹlẹ́nu gbàǹgbà ni, àmì tótòtó lára, ó tẹjú mọ́ wa. Ọkọ mi na ọwọ́ òsì ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹja náà gùn láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì ojú máa ń mú nǹkan tóbi lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n kì í sọ ẹja di ìlẹ̀kùn.

Bàbá onílé gbé fọ́tò sójú, wọ́n gbé e jìnnà. "Ìlẹ̀kùn dà?"

Ọkọ mi ò tilẹ̀ mikàn. "Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo wí."

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà pé ẹja náà jọ ẹni tó ń kíni, wọ́n sì ní kí n fọ ọ̀kan fún àwọn.

Ìròyìn fọ́tò yìí dé etí àwọn aláṣọ funfun àdúgbò wa. Wọ́n fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi nínú odò kékeré kan lẹ́yìn ìlú Ìbà, omi ẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ìyá kan láàárín wọn ní kí n ya òun nígbà tí wọ́n bá ri òun sínú omi. Mo ká yẹ̀rì sókè, mo wọ odò, mo ti àpótí náà bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti fà á lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ojú wọn là sílẹ̀ rangandan, fìlà funfun ń léfòó lọ. Ìyá náà wò ó pẹ́.

"Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Háà! Mo rẹwà o." Wọ́n ní kí n bá àwọn fọ̀ ọ́ ní ńlá, èyí tí wọn á gbé kọ́ pálọ̀.