Ọdẹ Tó Tọpa Màlúù Mẹ́fà

Ọdẹ ni Bàbá Àpínkẹ́. Ẹ̀yìn ilé wa ní Agbowó ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àpínkẹ́ nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Ó ń fọ ìgò ní ọgbà màlúù Ọ̀gbẹ́ni Bándélé, lẹ́yìn Bódìjà, níbi tí wọ́n ti máa ń bu wàrà fún un láràárọ̀ láì sè é. Ní ọdún 1962, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní inú wàrà yẹn ló jọ pé ó ti kó o.

Bàbá lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Bándélé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màlúù tèmi kì í húkọ́, Bàbá ọdẹ. Ẹ lọ bi àwọn ará ilé yín."

Bàbá kẹ̀yìn sí i. Wọ́n padà sílé, wọn ò sì gbàgbé.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjọba rán dókítà ẹran wá láti mú ikọ́ ẹ̀gbẹ kúrò lára màlúù agbègbè wa. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé yára sọ pé bí àìsàn bá wà rárá, túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, ló ń kó o wá. Ó bẹ Bàbá Àpínkẹ́ pé kí wọ́n bá òun pa àwọn túùkú náà. Wọ́n gbà.

Ìyá mi bi wọ́n pé, "Ẹ ó wá ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin yẹn?"

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ wà nítòsí rẹ̀ ni."

Túùkú mẹ́sàn-án ni wọ́n pa. Wọ́n la inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ fún dókítà ẹran. Kò sí àìsàn lára ìkankan.

Ni dókítà bá gún ogún màlúù Ọ̀gbẹ́ni Bándélé lábẹ́rẹ́ lọ́rùn. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Èyí tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá wú, ó ti ní ikọ́ náà nìyẹn, pípa ni.

Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́rìnlá ló kù nínú ọgbà. Ọrùn ìkankan ò wú. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ní olè ló kó mẹ́fà.

"Olè yìí mà mọ màlúù yàn o," ni Bàbá wí.

Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ sì rọ̀. Bàbá tọpa pátákò wọn kọjá odò kékeré kan, wọ́n bá màlúù mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ ìdí ọparun, ọrùn wọn wú bí ẹyin adìẹ. Bí wọ́n ṣe ń tú okùn ni Ọ̀gbẹ́ni Bándélé sáré dé.

"Bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí ò rí i. Ẹ mú ọ̀kan lọ sílé."

"Ẹ ti fún wa ní wàrà rí, Ọ̀gá. Ó tó."

Wọ́n da màlúù náà kọjá níwájú rẹ̀ lọ bá dókítà.

Nígbà tí dókítà béèrè ẹni tí yóò yìnbọn, ìbọn Bàbá ti wà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé fẹ́ máa lọ.

"Ẹ dúró, Ọ̀gá. Èmi náà dúró ti tèmi títí ó fi kú."

Ó dúró. Kí ìbọn kọ̀ọ̀kan tó dún, Bàbá á pe orúkọ Àpínkẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Bándélé ń sunkún. Bàbá ń wò ó, inú wọn dùn, wọn ò sì fi í pamọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi bi wọ́n bóyá ọkàn wọn ti wá balẹ̀.

"Ó ku mẹ́rìnlá," ni wọ́n wí. "Dókítà á tún wá gún wọn lóṣù mẹ́ta sí i."